Ooru Ń Fẹ́ Ọ̀nà Àbájáde: Bí A Ṣe Lè Sun Oorun Ire ní Onitsha

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ooru o. Láti oṣù February títí di April, bí a bá pàdé ara wa lọ́jà, tàbí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ìkíni tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa nìyẹn. Àwọn onílé wa náà a sì dá wa lóhùn ní èdè tiwọn pé okpomọkụ ti pọ̀ jù. Ọ̀sán ni a ń sọ ọ̀rọ̀ ooru, ṣùgbọ́n òru ni ó ti ń bá wa jà jù. Ní ìlú yìí, òru àti ooru ti di ìbejì.

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ní oṣù March ọdún tí ó kọjá, ooru mú débi pé àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò lè sùn. Ooru ti sú sí i lọ́rùn àti lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó sì ń họra. Àwa bàbá ilé dìde ní agogo 2 òru, a já àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ta sórí ibùsùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, a ní òun ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ sùn ní òru ọjọ́ náà, inú wa sì dùn. A kò tún àwọ̀n náà ta mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ibà fi dá ọmọ wólẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ju ooru ìlú lọ, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ọjọ́ mẹ́rin ni a sì lò ní ọsibítù. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Nígbà tí a délé, ìyàwó wa kò bá wa jà. Ó wá àwọ̀n náà rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì gbé e lé wa lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ìdí tí a fi mú kálàmù lónìí nìyẹn.

Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ ní ìpàdé Ẹgbẹ́, a rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni. Ẹnìkan ní òun ti gbogbo fèrèsé pa nítorí olè. Òmíràn ní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí kí fáànù lè máa fẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyá ọlọ́mọ kan ní omi tútù ni òun ń fún ọmọ oṣù méjì mu nítorí ooru. Olúkúlùkù wa ń sá fún ooru, a sì ń sá lọ bá ohun tí ó burú ju ooru lọ.

Ọ̀RỌ̀ OJÚ IRIN

Akọ̀wé rélùwéè ni wá. Ojú irin tí wọ́n là láti Port Harcourt, tí ó dé Enugu ní 1916, kò yà sí Onitsha títí di òní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan nípa ooru. Irin a máa gùn sí i bí oòrùn bá pa á. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n tẹ́ ojú irin láyé àtijọ́ a máa fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàrin irin kan àti èkejì. Bí àlàfo yẹn bá dí, irin lè wọ́ ní ọ̀sán gangan, kí ọkọ̀ sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ooru kò ṣe é dè mọ́lẹ̀, ọ̀nà ni a ń fi sílẹ̀ fún un. Bí ó ti rí fún irin ni ó rí fún ara ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún yàrá tí a ń sùn. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nínú ìwé yìí kò ju ọ̀kan náà lọ: ẹ jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde, ẹ má sì ṣe ṣílẹ̀kùn fún ikú nítorí rẹ̀.

BÍ ARA ṢE Ń TUTÙ

Ara ènìyàn tí ó ní ìlera a máa gbóná tó ìwọ̀n 37 Celsius. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ara a máa tutù díẹ̀díẹ̀, ó lè fi tó ìwọ̀n 1 wálẹ̀ bí òru ti ń jìn, ìtutù yìí sì wà lára ohun tí ń mú oorun wá. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ooru láti inú wá sí awọ ara, pàápàá sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ó lè gba ibẹ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ àyíká bá gbóná jù, ara a làágùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjáde òógùn ni ó ń mú ara tutù, gbígbẹ rẹ̀ ni. Bí omi bá ń gbẹ lára, yóò kó ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ooru Onitsha fi ń ni wá lára tó bẹ́ẹ̀. Ní February àti March, ooru ọ̀sán a sáábà kọjá ìwọ̀n 33 níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Hausa ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Àwa wà létí odò Ọya, afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, òógùn wa kò rí ibi gbẹ sí, a sì máa ṣàn sórí ìrọ̀rí lásán.

Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá wa ń pọn omi sí. Omi a máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀ náà, a gbẹ, omi inú ìkòkò a sì tutù. Tíṣà kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sí àárín àwọn méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Ẹ̀fọ́ àti tòmátì inú rẹ̀ kò tètè bàjẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lo iná mànàmáná rárá. Ní 2000 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí. Ohun tí ìkòkò yẹn ń ṣe ni ara wa náà ń ṣe: omi àti afẹ́fẹ́ tí ń rìn ni oògùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ fáànù. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, ó ń ti afẹ́fẹ́ ni, kí òógùn lè tètè gbẹ. Ẹni tí ó bá tan fáànù sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ènìyàn, owó iná ni ó ń jó. Bí yàrá bá sì gbóná ju ara lọ, ooru ni fáànù yóò máa fẹ́ lù wá. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu ọrùn, apá àti ẹsẹ̀, kí ẹ tó jókòó síwájú rẹ̀. Páúdà tí ó máa ń ta ara bíi yìnyín kò yàtọ̀ sí ẹ̀tàn. Awọ ara ni ó ń sọ fún pé òtútù wà, ooru inú kò dín. Ẹ má fi í pa ọmọ ọwọ́ lára.

ILÉ TÍ A Ń GBÉ

Ooru yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, dé Onitsha ní 1857 láti fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìjọ CMS lélẹ̀, kò sí fáànù kankan ní èbúté. Ó ku ọdún 45 gbáko kí Willis Carrier tó ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà ní 1902, nítorí ilé ìtẹ̀wé kan sì ni ó ṣe ṣe é, kí bébà má baà máa rọ̀. Kì í ṣe nítorí kí ènìyàn lè sùn. Ní ayé ìgbà náà, ògiri amọ̀ nípọn, koríko ni ó bo òrùlé, ooru ọ̀sán kì í sì tètè wọlé.

Lónìí, ilé búlọ́ọ̀kù àti páànù ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Fegge, Odoakpu àti Okpoko, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo sì gba àárín kọjá. Búlọ́ọ̀kù a máa mu ooru ní ọ̀sán bí kànrìnkàn ti ń mu omi, a sì máa tú u sílẹ̀ ní òru nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́ dàbí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí ìyá wa bẹ̀ wá wò láti ilé, òru ọjọ́ kìíní ni ó ti sọ ọ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé ara yín sínú ìsaasùn, ẹ dé e, ẹ tún wá ń sọ pé ooru ń mú yín."

Ènìyàn dúdú bíi tiwa ti fi hàn pé páànù kò ní kí ilé má tutù. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, kọ́ ilé ìwé sí abúlé rẹ̀, Gando, ó parí rẹ̀ ní 2001. Amọ̀ tí a pò pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni ó fi mọ ògiri rẹ̀. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín kọjá, kí ó sì máa kó ooru lọ. Ní 2022 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, tí ó ga jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ilé, kí ó rántí èyí: àjà, ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ òrùlé tí a fi nẹ́ẹ̀tì dí, àti páànù tí ó funfun tàbí tí a kùn ní funfun, nítorí ohun funfun a máa dá oòrùn padà.

Àwa tí a jẹ́ ayálégbé kò lè wó ilé onílé, ṣùgbọ́n èyí wà lọ́wọ́ wa:

Ní ọ̀sán, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ẹ ṣí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn tí wọ́n kọjú sí ara wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò rí ibi jáde kì í wọlé.

Bí ẹ bá ní fáànù, ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú fèrèsé fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa ti ooru yàrá síta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yí i sí ọ̀dọ̀ ara yín.

Ẹ tètè dáná, ẹ sì dá a síta. Sítóófù tí a tàn nínú yàrá ní agogo 8 alẹ́, òun ni ó ń bá wa sùn mọ́jú. Fíríìjì náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń tú ooru inú rẹ̀ sí. Ẹ má gbé e sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ẹni tí ó bá sì ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí yàrá lè tutù, yàrá yóò gbóná sí i ni.

Ní ti olè, a kò ní kí ẹ sùn kí ẹ ṣí ilé sílẹ̀ gbayawu. Irin ojú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ayálégbé mẹ́fà jọ lọ bá onílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ dára ju kí ẹnìkan ṣoṣo lọ bá a pẹ̀lú ìbínú lọ.

IBÙSÙN ÀTI OMI

Fóòmù tí ó nípọn a máa ká ooru mọ́ ara, nítorí afẹ́fẹ́ kò gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá wa kọ bẹ́ẹ̀dì wa, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì sùn fọnfọn nígbà tí àwa ń yí kiri. Ẹní kì í ṣe àmì òṣì. Ẹ lè tẹ́ ẹ sórí fóòmù pàápàá. Kí aṣọ ibùsùn àti aṣọ tí a wọ̀ sùn jẹ́ òwú, kí ó fẹ́lẹ́, kí ó má fún mọ́ ara. Aṣọ ọ̀rá a máa sé òógùn mọ́ra.

Ẹ fi omi tí ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, tàbí omi inú ìkòkò lásán, wẹ̀ kí ẹ tó sùn. Omi yìnyín a máa mú kí iṣan awọ ara sún kì, ooru a sì há sínú. Bí omi kò bá tó láti wẹ̀, ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láìbò, nítorí ẹsẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà ooru. Àṣà kíká aṣọ tútù sí ojú fèrèsé dára ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin ni yóò fi kún yàrá.

Ẹ mu omi dáadáa láti ọ̀sán, ẹ má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín ní òru. Ẹ̀bà ńlá àti ọbẹ̀ aláta ní agogo 10 alẹ́ a máa dá iná sí ikùn. Bíà àti ẹmu a máa mú omi jáde lára, wọn a sì dá oorun sí méjì.

ÀWỌ̀N Ẹ̀FỌN KÒ ṢE É JÁ

Nínú ènìyàn 10 tí ibà ẹ̀fọn ń pa lágbàáyé, nǹkan bí 3 jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5. Òru ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ń jẹ ènìyàn. Lóòótọ́, àwọ̀n a máa dín afẹ́fẹ́ kù. Dípò kí a já a, ẹ ta á sókè kí ó ga, kí ó sì fẹ̀, kí ó má lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fọ eruku tí ó dí ojú rẹ̀. Ẹ gbé fáànù sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ sùn ní ìta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gbé àwọ̀n dání lọ síbẹ̀. Àwa tí a já a mọ ohun tí a ń sọ.

JẸNẸRÉTỌ̀

Bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ń sá bá. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí a ń pè ní carbon monoxide. Yóò gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá sùn kò sì ní mọ̀ títí yóò fi kú. Odindi ìdílé ti sùn báyìí ní orílẹ̀-èdè wa, ilẹ̀ mọ́, wọn kò jí. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé ìdáná, tàbí sí abẹ́ fèrèsé, ìbáà jẹ́ tiyín tàbí ti aládùúgbò. Kí ó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn tí èébì ń gbé wọn, ẹ jáde síta kíákíá, ẹ pa á, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, epo pẹtiróòlù ti wọ́n jù. Ẹni tí ó bá lè tu owó jọ, fáànù tí ń gba iná pamọ́ yóò san án ju epo alaalẹ́ lọ.

ỌMỌ TUNTUN ÀTI ÀGBÀ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ má fi aṣọ mẹ́ta àti fìlà onírun di ọmọ nínú ooru. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn láti mọ̀ bí ó ti ń gbóná sí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 6 kò nílò omi. Omi wà nínú ọmú, ẹ máa fún un lọ́mú léraléra. Àwọn àgbàlagbà kì í tètè mọ òùngbẹ, nítorí náà ẹ máa gbé omi lọ bá wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ó dákú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù mọ́: ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ń làágùn rin aṣọ ní gbogbo òru nígbà tí ara àwọn tí wọ́n jọ sùn tutù, kí ó má sọ pé ooru ni. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró lè rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè pa á. Ṣùgbọ́n ibà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ife náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹni náà sì ń rù. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife ní ọsibítù ìjọba. Ẹ má fi í pamọ́.

Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, a ó mú àbá kan wá: kí Ẹgbẹ́ ra nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ní odindi róòlù ní Ọjà Ńlá, kí a pín in ní iye tí a rà á, kí àwọn ilé tí ó ní ọmọ tuntun sì kọ́kọ́ gba tiwọn. Ẹni tí ó bá ní àbá tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá, a ó gbà á.

Ọmọ wa ń sùn nísinsìnyí lórí ẹní ìyá àgbà rẹ̀, lábẹ́ àwọ̀n, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ à ń relé tó pé, ẹ jẹ́ kí a máa sùn ire, kí a sì máa jí ire. Kí Ọlọ́run má fi ooru ṣe wá ní èṣe o.